Ohun Tó Wà Lábẹ́ Ọ̀dà: Ògún, Òrìṣà-ńlá àti Ìjàpá Tí Mo Fi Ọwọ́ Ara Mi Tún Ṣe

Ìbà Olódùmarè. Ìbà Òrìṣà-ńlá tó dá ojú, tó dá imú. Ìbà Ògún Onírè. Ìbà ẹ̀yin àgbà tó ti lọ àti ẹ̀yin tó ṣì wà lókè eèpẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ẹnu mi rọrùn o.

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tòní máa ya àwọn kan lẹ́nu, torí mọ́tò ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Mo fẹ́ sọ bí mo ṣe tún ara ọkọ̀ àtijọ́ kan ṣe tí mo sì kùn ún. Mo tún fẹ́ sọ àṣìṣe kan tí mo ṣe nínú ilé òrìṣà mi, tí ọkọ̀ yẹn là mí lójú sí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sùúrù kà á títí dé ìparí.

Chicago ni mo ń gbé. Ní bí ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, mo ra Volkswagen Beetle kan tí wọ́n ṣe ní 1968 lọ́wọ́ aládùúgbò mi kan tó ti darúgbó. Ó ti wà nínú gárééjì baba náà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Eruku bò ó, eku sì ti bímọ sínú ìjókòó ẹ̀yìn. Ní Ìbàdàn, nígbà tí mo wà ní kékeré, Ìjàpá ni a ń pe irú ọkọ̀ yìí, nítorí ẹ̀yìn rẹ̀ tó rí rìbìtì bí igbá ahun. Fusca ni àwọn ará wa ní Brazil ń pè é. Ẹ má rò pé ọkọ̀ òyìnbó nìkan ni o. Ní 1959 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é ní São Bernardo do Campo ní Brazil, Volkswagen sì bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ pọ̀ ní Òjó, l'Ékòó, ní 1975. Mexico ni èyí tó kẹ́yìn ti jáde ní 2003, lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣe ohun tó lé ní mílíọ̀nù 21.

Bàbá mi ní ọ̀kan. Bí nǹkan bá ti ṣe ara ọkọ̀ náà, èmi àti wọn la jọ ń lọ sọ́dọ̀ baba pánẹ́ẹ̀lì-bítà wọn. Ní ẹnu ọ̀nà ibẹ̀, lábẹ́ igi, Ògún wà: ògbólógbòó irin tí wọ́n rì mọ́lẹ̀, màrìwò lára rẹ̀, epo tó ti gbẹ lórí rẹ̀. Díákónì ni bàbá mi. Ṣùgbọ́n bí baba yẹn bá ń da omi tútù sílẹ̀ kó tó fọwọ́ kan ọkọ̀, bàbá mi á ṣí fìlà, wọ́n á dákẹ́, títí baba yẹn á fi ṣe tán. Wọn ò sọ ìdí fún mi rí, èmi náà ò sì béèrè.

Nígbà tí mo dàgbà tí mo lọ kọ́ ẹ̀kọ́ nípa ènìyàn àti àṣà ní yunifásítì, mo kọ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ojú ìwé nípa Ògún. Mo ka Africa's Ogun, ìwé tí Sandra Barnes ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1989, tó ń ṣàlàyé bí Ògún ṣe kúrò nínú oko àti ogun tó sì wọ inú mọ́tò àti ẹ̀rọ. Mo sọ̀rọ̀ nípa awakọ̀, mo sọ̀rọ̀ nípa alágbẹ̀dẹ. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Ṣùgbọ́n mi ò tíì di sípánà mú rí. Ẹ̀rín ń pa mí tí mo bá rántí.

Mo gbé Ìjàpá mi lọ fún àwọn tó ń tún ọkọ̀ àtijọ́ ṣe. Iye tí wọ́n pè fi ìlọ́po mẹ́ta ju iye tí mo ra ọkọ̀ lọ. Mo ní ó tì o. Mo ra àwọn irin iṣẹ́, mo gba gárééjì, mo ní máa fọwọ́ ara mi ṣe é.

Fílà àti fìlà

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń pa ọkọ̀ nílùú yìí. Ní ìgbà òtútù, bí yìnyín bá bo títì, iyọ̀ ni ìjọba ń dà sí i kí yìnyín lè yọ́. Omi iyọ̀ yẹn á ta sábẹ́ ọkọ̀, á wọ inú gbogbo kọ̀rọ̀ tí irin méjì ti pàdé, á sì jókòó síbẹ̀. Irin á bẹ̀rẹ̀ sí í dógùn-ún. Ẹ̀yin tó ń kọ́ èdè, ẹ fetí sí ohùn ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Dógùn-ún kì í ṣe Ògún. Ìpáàrà ni ohun tí à ń wí, ìpáàrà sì ni ọ̀tá ohun tí Ògún fi lé wa lọ́wọ́.

Lábẹ́ ilẹ̀kùn ọ̀tún, mo rí ihò kan tí àtàǹpàkò mi lè wọ̀. Mo fi wáyà ìfọrin fọ etí rẹ̀ díẹ̀, mo po fílà, mo fi dí i. Fílà ni ohun tí àwọn pánẹ́ẹ̀lì-bítà ń pò bí ẹ̀kọ, tó ń gan bí òkúta láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Kì í ṣe fìlà tí à ń dé sórí o, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan náà ni mo fún un ṣe lọ́jọ́ yẹn: mo fi bo ibi tí mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí. Mo fi sáńdípépà fá a títí ó fi dán, mo fọ́n ọ̀dà sí i. Ó lẹ́wà! Mo ya fọ́tò, mo fi ránṣẹ́ sáwọn ènìyàn mi. Gbogbo wọn ń kí mi kú iṣẹ́.

Bí òtútù ọdún yẹn ṣe ń kásẹ̀ nílẹ̀, mo rí i tí ọ̀dà ibẹ̀ wú, ó rí bí awọ tí omi gbígbóná ta sí. Mo fi èékánná tẹ̀ ẹ́. Odidi fílà náà ṣí bọ́ sí mi lọ́wọ́. Ihò tó fẹ̀ tó àtàǹpàkò ti fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́.

Fílà kò ṣẹ̀. Ó ní iṣẹ́ tirẹ̀. Bí òòlù bá ti tẹ́ irin sípò tán, fílà ló ń dí ibi tó ṣì kù díẹ̀ káàtó, kò sì yẹ kó nípọn ju mílímítà 3 lọ. Èmi ni mo fi lé orí ìpáàrà. Ìpáàrà kì í sùn. Bí o bá bò ó mọ́lẹ̀, á máa jẹun nínú òkùnkùn. Àwọn àgbà ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá. Ohun tí mo ṣe gan-an nìyẹn.

Ọ̀bẹ Ògún

Mo wá mú òòfà kékeré kan, mo ń gbé e kiri ara ọkọ̀. Ibi tí irin bá wà, òòfà á lẹ̀. Ibi tí fílà bá ti nípọn, á bọ́. Ẹ̀yin èèyàn mi, òòfà bọ́ níbi méje! Àwọn tó ti ní ọkọ̀ náà ṣáájú mi ti ṣe ohun tí èmi náà ṣe.

Ibi tó burú jù ni abẹ́ ilẹ̀kùn méjèèjì. Ẹ́ńjìnnì Ìjàpá wà lẹ́yìn. Ooru tó ń ti ibẹ̀ wá ń gba inú irin gígùn oníhò kan lábẹ́ ilẹ̀kùn, lọ́tùn-ún lósì, lọ sí iwájú kí ẹsẹ̀ awakọ̀ lè móoru. Irin oníhò yìí kan náà ni ara ọkọ̀ fi jókòó sórí ilẹ̀ ọkọ̀. Bó bá jẹrà, kò sí egungun mọ́. Mo ní láti gé e kúrò, kí n jó tuntun mọ́ ibẹ̀.

Inú gígé yìí ni Ògún ti bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi sọ̀rọ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn nílẹ̀ òkèèrè, ogun nìkan ni wọ́n mọ̀ mọ́ Ògún. Ẹ rántí ìtàn tí gbogbo wa mọ̀: nígbà tí àwọn òrìṣà ń bọ̀ wá sáyé, igbó dí ọ̀nà. Olúkúlùkù mú àdá tirẹ̀, àdá wọn ṣẹ́, ó tẹ̀. Ògún ló mú àdá irin jáde tó la ọ̀nà. Kò bá igbó jà nítorí ìbínú, ó gé e kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lè rí ọ̀nà kọjá. Ẹ tún wo àwọn olóòlà, àwọn tó ń kọlà tó ń dábẹ́ fún ọmọkùnrin. Ògún ló ni ọ̀bẹ wọn. Ọ̀bẹ yẹn ń dá ẹ̀jẹ̀, ṣùgbọ́n ìwòsàn ni wọ́n ń wá.

Bí a bá ń gé ìpáàrà, a kì í dúró níbi tí ojú rí i mọ. À ń gé lọ títí a ó fi kan irin tó mọ́, tó ń dán, tó le. Mo gé, mo rò pé mo ti dé ibẹ̀, mo fi òòlù kàn án, ó wó. Mo tún gé. Ẹkún fẹ́ gbọ̀n mí. Ìjàpá tí mo rà ń kéré sí i lójú mi.

Ohun kan wà tí mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé, tí ì bá ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Kí ènìyàn tó gé irin abẹ́ ilẹ̀kùn yẹn, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi ọ̀pá irin de ojú ilẹ̀kùn, láti iwájú sí ẹ̀yìn, àti ní ìbú. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ara ọkọ̀ á tẹ̀, á fẹ̀. Lẹ́yìn tó bá jó irin tuntun mọ́ ọn tán, ilẹ̀kùn ò ní padé mọ́ láéláé. Ẹ fi èyí sọ́kàn, mo ń padà bọ̀ síbẹ̀.

Mo gé irin pẹlẹbẹ tuntun tó nípọn tó mílímítà 1, mo fi òòlù lù ú títí ó fi bá ojú ibẹ̀ mu. Bí mo bá fẹ́ jó o, mi ò lè fà á gbọọrọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ooru á ká irin náà kò. Mo ní láti jó o ní ojú kan, kí n lọ jó o lápá kejì, kí n dúró kó tutù, kí n tó padà. Àwọn àgbà ní alágbẹ̀dẹ tó ń lurin lójú kan, ó ní ohun tó fẹ́ fà yọ níbẹ̀. Irú ilẹ̀kùn kan ṣoṣo yẹn gbà mí ní òpin ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá.

Oúnjẹ Ògún, èèwọ̀ Òrìṣà

Ọbàtálá ni mo dóṣù fún. Gbogbo ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ti Òrìṣà funfun ẹ mọ èèwọ̀ wa: a kì í fi iyọ̀ sí oúnjẹ rẹ̀, àtẹ́ ni à ń sè fún un. A kì í lo epo pupa, òrí ni a fi rọ́pò rẹ̀. Ẹmu kì í kan ilé rẹ̀, nítorí ọjọ́ tí ẹmu pa á lójú iṣẹ́ amọ̀. Àwọn tó jáde lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà ni à ń pè ní ẹni òrìṣà, a sì ń bọlá fún wọn, torí pé Òrìṣà gbà pé òun ló mọ wọ́n, kò sẹ́ wọn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí mo fẹ́ fọ́n práímà, mo lọ bọ Ògún kí n tó bẹ̀rẹ̀. Mo fún un ní obì, mo ta epo sórí irin iṣẹ́ mi, mo gbàdúrà. Mo nu ọwọ́ mi, mo gbé ìfọ́ndà. Ṣé ẹ mọ̀ pé ọ̀dà kọ ara ilẹ̀kùn? Bó ṣe ń bà lé irin ni ó ń sá, àwọn ihò róbótó-róbótó ń yọ káàkiri bí ojú ẹja. Epo ló wà ní aṣọ tí mo fi nu ara ọkọ̀. Ẹ̀kán epo tí kò tó nǹkan tó láti lé ọ̀dà.

Mo pe Ìyá tó dá òṣù fún mi nílé. Wọ́n gbọ́ ẹjọ́ mi tán, wọ́n rẹ́rìn-ín títí, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ta ló ní kí o gbé oúnjẹ Ògún lọ síwájú Òrìṣà?"

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ọkọ̀ ni o, Ògún ló ni ín."

Wọ́n ní, "Irin rẹ̀ ni ti Ògún. Ara tí o ń mọ sí i ńkọ́? Ta ló ń mọ ara?"

Ẹnu mi wọ ilẹ̀. Epo tí mo ta sórí òòlù kò burú. Epo kì í jẹ́ kí òòlù dógùn-ún, ìdí kan nìyẹn tí Ògún ojúbọ wa fi máa ń dán. Ṣùgbọ́n bí o bá gbé epo kan náà síwájú ọ̀dà, o ti ba iṣẹ́ jẹ́. Iyọ̀ tí a fi ń ṣàdúrà fún ọmọ tuntun kí ayé rẹ̀ lè dùn, òun náà ló ń jẹ abẹ́ ọkọ̀ ní Chicago. Kódà iyọ̀ inú òógùn ọwọ́ tó. Bí o bá fi ìka kan irin tó mọ́ lálẹ́, o lè bá àmì ìka rẹ ní pupa láàárọ̀. Nítorí náà ni mo ṣe ń sọ fún àwọn ọmọ wa pé kí wọ́n yéé béèrè bóyá nǹkan kan dára tàbí kò dára. Ẹ béèrè pé níbo, nígbà wo, àti fún ta.

Mo fọ gbogbo rẹ̀ kúrò. Mo bẹ̀rẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́: sáńdípépà 80, 180, 320, 600, pẹ̀lú omi. Bí mo ṣe ń fá a ni mo rí i pé àwọ̀ mẹ́ta ni wọ́n ti kùn ún sẹ́yìn. Pupa wà lókè, búlúù wà lábẹ́ rẹ̀. Lábẹ́ gbogbo rẹ̀, funfun ni ó jẹ́ nígbà tó kúrò ní ilé iṣẹ́. Ẹ̀yin tó ti rí fọ́tò rẹ̀ tí ẹ ń sọ pé torí Òrìṣà ni mo ṣe kùn ún ní funfun, ẹ máa bínú o, mo kàn dá a padà sí bó ṣe wà ni.

Ọ̀rọ̀ kan fún ẹ̀yin tó fẹ́ dánwò. Ọ̀dà ọkọ̀ tí à ń po oògùn ìgangan mọ́ ní isocyanate nínú. Ó ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, ó sì lè fún ènìyàn ní ikọ́ fée tí kò ní lọ mọ́. Ìbòmú lásán kò tó. Nítorí náà, mi ò fọ́n ọ̀dà ìkẹyìn ní gárééjì. Mo háyà ilé ìfọ́ndà fún ọjọ́ kan, mo wọ ìbòjú tó ń fa atẹ́gùn tútù wá láti ìta. Òrìṣà ló mọ ara, Olódùmarè ló fi èémí sí i. Ẹ má fi èémí yín ṣe ìrúbọ nítorí ọkọ̀ tó rẹwà.

Ohun tí mo fẹ́ sọ gan-an

Ní ọdún tí mo fi fílà dí ihò yẹn, ẹnì kan wá bá mi. Mi ò ní dárúkọ, mi ò sì ní sọ ìlú rẹ̀. Òun àti èmi jọ jẹ́ ẹgbẹ́. Ó fẹ́ dóṣù kí ọdún tó parí. Ó ti kó owó jọ, ó ti sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó ti ra aṣọ funfun. Mo da ẹ́ẹ́rìndínlógún fún un. Òrìṣà ní kó lọ sílé ná, kó lọ bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀, nǹkan kan ń bẹ láàárín wọn tí kò gbọdọ̀ wọ inú ìgbalẹ̀.

Mo rí i. Mo mọ̀ pé mo rí i. Mo sọ ọ́ fún un, ṣùgbọ́n mo sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, bí ẹni tí kò fẹ́ kí wọ́n gbọ́ òun. Ó ní ọ̀rọ̀ òun àti ìyá òun ti tán, kò sí nǹkan kan mọ́. Mo gbà. Ilé wa ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dàgbà, mo fẹ́ kí ó pọ̀ sí i. Owó ilé tí a ti ń bọ òrìṣà sì ti tó san. Ẹ gbọ́ ọ o, mo ń sọ ọ́ ní gbangba: owó wà nínú ohun tó jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

A ṣe é. Ó lẹ́wà. A ya fọ́tò. Mo ka èèwọ̀ oṣù mẹ́ta fún un: kó má rìnrìn àjò, kó má dé ibi òkú. Nínú oṣù kejì, ìyá rẹ̀ kú. Àìsàn ti wà lára ìyá náà kí á tó bẹ̀rẹ̀. Èyí ni ohun tó wà láàárín wọn, ìyẹn sì ni ohun tí òrìṣà ń pè é sí. Ó pa èèwọ̀ tí mo fún un mọ́. Kò lọ sin ìyá rẹ̀. Èmi náà kò sì ní ọgbọ́n, n kò ní ìgboyà, láti pe Ìyá mi nílé lọ́jọ́ yẹn kí n béèrè bí a ṣe lè ṣí ọ̀nà fún un.

Nígbà tí oṣù mẹ́ta pé, ó wá kó òrìṣà rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ fún mi, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe kọ́ ọ. Ó ní, "Ìyá, ẹ rí i, ẹ ò sì sọ̀rọ̀." Ó sì lọ.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni fílà ṣí bọ́ sí mi lọ́wọ́. Mo jókòó sílẹ̀ gárééjì nínú òtútù, mo di fílà náà mú, mo sunkún. Mi ò lè sọ pé ọkọ̀ ló ṣe mí bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni mo pe Ìyá mi, mo sọ gbogbo rẹ̀. Wọn ò rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí. Wọ́n dá obì, wọ́n sọ ètùtù tí máa ṣe. Wọ́n ní kí n lọ bá ẹni náà lójúkojú, kí n má fi fóònù ṣe é. Mo lọ. Mo kúnlẹ̀, ìyálórìṣà fún ọmọ òrìṣà. Mo dá owó ọwọ́ mi padà fún un. A jọ ṣe ohun tó yẹ fún ìyá rẹ̀. Ó gbọ́ ẹ̀bẹ̀ mi, ó ní òun gbọ́. Kò tíì padà sí ilé wa. Lọ́jọ́ ọ̀sẹ̀ òrìṣà, ó máa ń fi ìkíni ṣókí ránṣẹ́, èmi náà á dá a lóhùn. Mo gbà á bẹ́ẹ̀. N kò ní fi ọ̀dà kùn ún fún yín.

Ẹ jẹ́ ká gbé òòfà

Torí náà, ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ dóṣù, tí ẹ fẹ́ tẹ̀fá, tí ẹ̀ ń ka oṣù lórí ìka: aṣọ funfun kì í sọ ìwà di funfun. Ìdóṣù kì í bo nǹkan mọ́lẹ̀. Ohun tó bá wà lábẹ́ á wú, bó pẹ́ bó yá. Kí ẹ tó wá, ẹ gbé òòfà lọ sí ara yín. Ibo ni ẹ kì í fẹ́ kí olórìṣà fọwọ́ kàn? Orúkọ ta ni ẹ kì í fẹ́ kí wọ́n dá nínú ilé yín? Ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá sì ní kí ẹ dúró, ẹ má wá ilé mìíràn tí wọ́n á ti gbà yín kíákíá. Irú ilé bẹ́ẹ̀ wà. Ilé mi ti jẹ́ ọ̀kan rí.

Ẹ̀yin olórìṣà ẹgbẹ́ mi, pàápàá àwa tí a kàwé: ẹnu wa dùn. A lè ṣàlàyé ohunkóhun títí á fi jọ òótọ́. Bí ẹ́ẹ́rìndínlógún bá ti sọ̀rọ̀, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́, ká gbé ohùn sókè, bí owó ilé tilẹ̀ wà níwájú wa. Ká sì ní àgbà kan tí a lè pè láàárín òru. Ẹni tí kò ní ẹni tó lè rẹ́rìn-ín òun tàbí kó bá òun wí, kò yẹ kó máa dá òṣù fún ẹnikẹ́ni.

Bí a bá sì fẹ́ gé ohun tó ti jẹrà lára ọmọ wa, ẹ rántí ọ̀pá irin ojú ilẹ̀kùn. Kí a tó la egbò ẹnì kan, ká rí i pé àwọn ènìyàn rẹ̀ dì í mú: ẹ̀gbọ́n, àbúrò, ọ̀rẹ́, onísègùn bó bá nílò rẹ̀. Mo ti rí àwọn ilé tó gé ènìyàn kúrò lára ẹbí rẹ̀, kúrò lára iṣẹ́ rẹ̀, lẹ́ẹ̀kan náà, ní orúkọ òrìṣà. Ilẹ̀kùn wọn ò padé mọ́. Ká gé díẹ̀, ká jó o, ká dúró kó tutù. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ẹ wo àwọn ará wa ní Kúbà. Láti 1962 tí Amẹ́ríkà ti fòfin dí òwò mọ́ wọn pátápátá, wọ́n ń wa ọkọ̀ àwọn ọdún 1950 kiri Havana títí dòní. Ẹ̀yà ara ọkọ̀ tuntun ṣòro láti rí, nítorí náà òòlù àti sùúrù ni wọ́n gbójú lé. Wọ́n bọ Ògún lábẹ́ ohun tó le ju èyí lọ, nígbà ẹrú, tí wọ́n ní láti fi orúkọ mìíràn bò ó. Àwọn yẹn bo òrìṣà mọ́lẹ̀ kí ọwọ́ ọ̀tá má bàa tó o. Ká má fi èyí tí àwa ń bò wé tiwọn.

Ìjàpá mi ti ń rìn báyìí. Ọ̀dà ṣàn wálẹ̀ díẹ̀ lára fẹ́ńdà òsì, níbi tí mo ti kánjú. Àwọn kan ní kí n fá a, kí n tún un fọ́n. Mo fi sílẹ̀. Irin tó wà lábẹ́ rẹ̀ mọ́, èmi ni mo jó o, mo mọ̀ ọ́n. Kí n tó wọ inú rẹ̀ láràárọ̀, mo máa ń da omi tútù sílẹ̀ fún Ògún. Mo sì máa ń rántí bàbá mi, díákónì, tí wọ́n ṣí fìlà wọn lábẹ́ igi yẹn. Mo rò pé ìdí rẹ̀ ti ń yé mi: orí tí a bò ni wọ́n ṣí níwájú ẹni tó ń rí abẹ́ ohun gbogbo.

Kí Ògún fún wa ní ọ̀bẹ tó mú àti ọwọ́ tó rọ̀. Kí Òrìṣà-ńlá tún wa mọ níbi tí a ti wó. Kí á má ṣe fi ohun dídán bo ohun jíjẹrà. Ẹni tí a ti ṣẹ̀, kí Olódùmarè jẹ́ kí a rí ojú wọn láti bẹ̀ wọ́n kó tó pẹ́ jù.

Òrìṣà á gbè wá o. Àṣẹ.